Ilé ìwòsàn tí mo ti ń gba oògùn HIV láti ọdún 2012: bí mo ṣe rí i

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ìbàdàn ló wà, ìjọba ló ni ín, ẹni tó bá sì ń gba oògùn níbẹ̀ á ti mọ ibi tí mò ń wí kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Àwọn kan ṣì ń fi ìborùn bojú kí wọ́n tó wọ ibẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ dúró síta kó máa wo ojú wọn. Awakọ̀ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ni mò ń wà sí Ìbàdàn, nígbà mìíràn mo máa ń bá a dé Èkó. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo wá ẹni tó máa sọ fún mi ní èdè wa pé bí ibẹ̀ ṣe rí nìyí, báyìí ni wọ́n ń ṣe, mi ò rí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Wọ́n ń fúnni ní oògùn yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn tí a jọ ké kéwú ti di nọ́ọ̀sì, tí àwọn mìíràn ti di akọ̀wé ilé ìwòsàn, mi ò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Mo yan ibi tó jìnnà tó bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Èmi ní mọ́tò lọ́wọ́, owó ọkọ̀ ò pọ́n mi lójú. Àwọn tí mo ń bá níbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, láti Ìwó, láti Ọ̀yọ́, owó ọkọ̀ ni wọ́n ń san, nítorí ohun kan náà: wọn ò fẹ́ kí ará ilé rí wọn. Láti ìgbà tí owó epo ti gbẹ́nu sókè ní 2023, ìyá kan tó ń ta fùfú sọ fún mi pé owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ òun ti ju èrè ọjọ́ mẹ́ta lọ. Oògùn ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ dé ìdí oògùn náà ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní ọdún 2012, ilé tiwa dá wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Bí o bá ti yà sọ́wọ́ òsì níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tí o tún lè máa lọ, gbogbo ẹni tó ń kọjá ti mọ̀. Àwọ̀ fáìlì wa yàtọ̀ sí ti àwọn aláìsàn tó kù. Akọ̀wé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké orúkọ rẹ mọ́ ti bàbá rẹ bí ẹni tó ń pe èrò ní gáréèjì. Mo rántí obìnrin kan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí kò dìde. Ó ti rí ọmọ àdúgbò rẹ̀ kan tó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ti fáìlì rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì lọ sílé láìgba oògùn. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi rí i mọ́. Nínú ìwé wọn, wọ́n á ti kọ ọ́ pé kò wá. Ó wá o. Ìṣojú mi ló ṣe.

Ó ti yàtọ̀ báyìí, ó sì yẹ kí n yìn wọ́n. Àwa, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti àwọn onítọ̀ ṣúgà la jọ ń lo ilé kan náà. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá rí ọ lórí bẹ́ǹṣì ò lè sọ bóyá nítorí ṣúgà lo ṣe wá. Fáànù ń yí, omi sì máa ń wà nílé ìyàgbẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ìyípadà kékeré ni lójú ẹni tí kò jókòó síbẹ̀ rí. Lójú èmi, ó tó oògùn kan lọ́tọ̀.

Ikọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ikọ́ fée ni wọ́n rí, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò kejì mọ́ ọn. Nígbà tí dókítà dárúkọ HIV, kòkòrò tó ń fa àrùn éèdì, ọdún 1997 ni ọkàn mi sáré padà sí. Kọndọ́ ni mí ní Èkó nígbà náà, Ọ̀jọ́ta ni mo wà nígbà tí rédíò sọ pé Fẹlá ti kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sì jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló fà á. Ohun tí àwa tó wà nínú mọ́tò gbọ́ lọ́jọ́ náà kò ju ọ̀kan lọ: bó bá lè mú Fẹlá lọ, ta ló máa ṣẹ́kù? Orúkọ tí a sì wá fi ń pe àrùn náà ni kògbóògùn. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ẹni tí gbogbo ìlú bá ti sọ fún pé àrùn rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, kí lẹ fẹ́ kó máa fi oògùn ṣe? Mo gba ike oògùn mi àkọ́kọ́, mo ń wò ó bí omi tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí ilé ti jó tán.

Ó gbọ́ oògùn. Láti ọdún 2002 ni ìjọba wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù ni àwọn aláìsàn ń san nígbà náà, ó sì di ọ̀fẹ́ ní 2006. Nígbà tí èmi dé, ó ti wà nílẹ̀ dè mí. Àròyé mi sí ilé ìwòsàn náà ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni pé wọ́n kó oògùn lé mi lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó jókòó tì mí láti gba orúkọ burúkú yẹn lọ́kàn mi.

Hóró kan ṣoṣo lálẹ́ ni wọ́n fún mi. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: tenofovir, lamivudine àti efavirenz. Efavirenz yìí ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wọ̀yá ìjà. Kó tó pé wákàtí kan tí mo gbé e mì, orí mi á fúyẹ́, ilẹ̀ á máa yí bí ẹni pé mo ti ń mu ẹmu láti àárọ̀. Bí mo bá sùn, àlá ni ṣáá. Màmá mi tó ti ṣaláìsí á wọ mọ́tò mi, wọ́n á ní kí n já wọn sílé, mọ́tò náà á máa sáré láìsí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, pé á lọ. Ó lọ lára àwọn mìíràn. Lára tèmi, ó dín kù, kò lọ tán.

Ẹ wá rò ó wò. Ìrìn òru ló lówó lórí jù fún wa, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru mọ ohun tí mò ń sọ: ojú ọ̀nà tóóró, trélà ń bọ̀ níwájú, trélà ń tì ọ́ lẹ́yìn, kòtò láàárín. Èrò ti kún ẹ̀yìn mi. Ṣé kí n wá gbé oògùn tó ń yí mi lórí mì ní aago mẹ́sàn-án, kí n jókòó sídìí ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá? Mi ò lò ó. Alẹ́ tí mo bá máa rìn, mo máa ń pa á jẹ ni, alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́ta. Lọ́kàn mi, ẹ̀mí àwọn èrò ni mò ń ṣọ́.

Mi ò sọ fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà náà kò gba òótọ́ láyè. "Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín dáadáa?" Nọ́ọ̀sì ò ní gbójú sókè, bírò ti wà lórí ìwé, ó ti fẹ́ fa ilà. Ta ló máa dáhùn pé rárá? Bàbá kan tó wà níwájú mi lọ́jọ́ kan sọ òótọ́. Igbe tí wọ́n ké mọ́ wọn, gbogbo bẹ́ǹṣì ló gbọ́ ọ: pé àwọn ni wọ́n fẹ́ pa ara wọn, pé ẹlòmíràn ń wá oògùn yìí kò rí i. Bàbá náà tó ẹni tó bí èyí tó ń jágbe mọ́ wọn. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbàgbé, mà." Wọ́n tún máa ń ka hóró tó bá ṣẹ́kù nínú ike. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà mo máa ń da èyí tó ṣẹ́kù sínú gọ́tà kí n tó wọlé, kí ìṣirò wọn lè bára mu.

Ní ọdún 2016 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti ka iye kòkòrò tó wà nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní viral load. Ó jáde ní 18,400. Ẹni tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́ fún, kò yẹ kó ju 1,000 lọ. Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Mo ti múra èébú sílẹ̀.

Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó dìde kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà." Ó ti ilẹ̀kùn. Kò tíì ṣí ìwé kankan tó fi ní, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, sà?" Mo ní awakọ̀. Ó ní, "Aago mélòó lẹ máa ń sùn?"

Mo dákẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń lọ síbẹ̀, ẹnì kan ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí mò ń dà sí gọ́tà. Kò ké mọ́ mi. Ó fa bébà kan yọ, ó fa ilà ọjọ́ méje sí i, ó ní kí n sọ alẹ́ tí mo máa ń rìn àti ìgbà tí mo máa ń délé. Ó jáde lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, nígbà tó padà dé ó ní, "Ní alẹ́ tí ẹ ò bá rìn, ẹ lò ó tí ẹ bá fẹ́ sùn. Alẹ́ tí ẹ bá rìn, ẹ dúró kí ẹ délé, kí ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀, kí ẹ tó gbé e mì, kí ẹ wá sùn. Oògùn yìí máa ń pẹ́ lára. Kó sún sí ìdájí dára ju kí ẹ má lò ó lọ." Gbogbo ohun tó ṣe ò ju bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ló fa ilà sí.

Ó tún ṣàlàyé ìdí tí pípa á jẹ fi burú, ọ̀nà tó sì gbà ṣàlàyé rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ó ní, "Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dúró lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tí wọn ò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé àwọn onífàyàwọ́ ò ní mọ alẹ́ tí wọ́n máa kọjá?" Awakọ̀ ni mí. Ó yé mi ju gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Ní ìpàdé kejì, ó béèrè ibi tí mò ń kó oògùn sí. Inú mọ́tò ni, torí ìyàwó mi ò mọ̀. Mo ti dà á kúrò nínú ike rẹ̀, nítorí pé bí a bá bọ́ sí kòtò, á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, kọndọ́ mi sì ti béèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń dún níbẹ̀. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo wé e mọ́ ìwé mọ́tò lábẹ́ gíláàsì iwájú. Àpò kékeré inú ike tó máa ń fa ọ̀rinrin, mo ti jù ú nù. Wọ́n kọ ọ́ sára ike pé kó má wà níbi tí ìgbóná bá ti kọjá 30, bẹ́ẹ̀ iwájú mọ́tò lọ́sàn-án, ọwọ́ èèyàn ò ṣeé gbé lé e. Àní ọjọ́ tí mo lo oògùn náà, èyí tí oòrùn ti yan ni mo lò.

Ó ní, "Ẹ mú màmá wá, sà. A jọ máa sọ ọ́ ni." Oṣù márùn-ún ni mo fi ń sún un síwájú. Nígbà tí ìyàwó mi wá, obìnrin náà ló bá wa sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Kò ní in. Ó sunkún, ó bínú, ó lọ sílé ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó padà. Láti ọjọ́ náà ni ike oògùn mi ti kúrò nínú mọ́tò, ó ń jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì. "Bàbá Wàìdí, ẹ ti lo nǹkan yín?" Ojoojúmọ́. Bí mo bá wà ní Èkó, á pè mí lórí fóònù, á béèrè ohun kan náà, kọndọ́ mi á sì rò pé oúnjẹ ló ń bi mí. Mi ò rí agogo tó dà bíi rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ka ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, 640. Ní 2017, kò hàn mọ́. Obìnrin náà kọ ọ́ sí ìwé fún mi: kò hàn, kò ràn. Ó ní ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ tí kòkòrò náà kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, tó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá sùn. A bí àbíkẹ́yìn wa ní 2018. Ìyá rẹ̀ ò ní in, ọmọ náà ò ní in.

Ní 2019 wọ́n pààrọ̀ oògùn mi. Efavirenz jáde, dolutegravir wọlé, TLD ni à ń pe hóró tuntun náà. Orí mi ò yí mọ́, àlá náà dúró, mo lè lò ó láàárọ̀ kí n sì wa mọ́tò lọ. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọwọ́ wa ni lílò rẹ̀ déédéé wà, pé ká fi ọkàn sí i. Ọkàn tí mo fi sí i ní 2014 náà ni mo fi sí i ní 2019. Oògùn ló yàtọ̀.

Famasí wọn ni mo fẹ́ yìn jù lọ nínú gbogbo ilé náà. Apoògùn tó wà ní fèrèsé rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń jẹ hóró funfun kan tí mo máa ń jẹ nítorí ọgbẹ́ inú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń jẹ yẹn?" Ó wá ṣàlàyé pé ohun tó wà nínú oògùn ọgbẹ́ inú yẹn, àti èyí tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn egungun, máa ń di dolutegravir mú nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó wọ ara bó ṣe yẹ. Kí n lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, mo ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, síbẹ̀ mò ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Ó tún béèrè nípa àgbo jẹ̀dí tí à ń mu ní gáréèjì, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó kàn ní kí n jẹ́ kí òun mọ ohun gbogbo tó bá ń wọ ẹnu mi, kí n sì jìnnà sí èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Nígbà Ràmàdáánì, òun náà ló ní kí n gbé e sí àkókò sààrì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń gbé hàǹtú wá fún mi látọ̀dọ̀ àlùfáà wọn. Mo mu hàǹtú, mo sì lo oògùn mi. Àlùfáà náà ò sọ pé kí n dá a dúró, kí Ọlọ́run sàn án fún un lóore, torí mo mọ ọkùnrin kan tí a jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n sọ fún un níbi àdúrà kan pé ìwòsàn ti dé, kó fi ike náà lélẹ̀. Ó fi lélẹ̀. Kò pé ọdún kan ààbọ̀ tí a fi gbọ́ pé ó ti kú.

Ohun tó tún ṣe mí láǹfààní ni iye ìgbà tí mò ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oṣooṣù ni. Ìgbà méjìlá lọ́dún tí mo máa dé aago márùn-ún ìdájí, tí mo máa kúrò ní aago méjì ọ̀sán, tí mo sì máa pàdánù ipò mi lórí ìlà ní gáréèjì. Oṣù tí ọ̀rọ̀ owó bá le, mo máa ń yan gáréèjì. Nígbà kòrónà ní 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní ti oṣù mẹ́ta, ó sì di oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dára. Ìgbà méjì lọ́dún. Àìsàn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ló kọ́ wọn ní ohun tí àwa ti ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Wọ́n tún ní ètò kan pẹ̀lú àwọn kẹ́míìsì àdúgbò, o lè yan ọ̀kan, kó o máa gba oògùn rẹ níbẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ fún ọdún kan. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo ń fún kẹ́míìsì náà nígbà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń lò, inú ọ̀rá dúdú bíi ti ẹni tó ra oògùn ibà ni wọ́n ń dì í sí. Wọ́n máa ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì máa ń ṣí di alẹ́. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè, mo fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fi padà sí ilé ìwòsàn ni pé wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Orí káńtà ni wọ́n ti ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹni tó wá ra Paracetamol sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Ní January 2025, owó ìrànwọ́ òkè òkun tó gbé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí dúró dáwọ́ dúró lójijì. Mo dé ibẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àgádágodo ló wà lẹ́nu yàrá ìgbaninímọ̀ràn. Owó oṣù obìnrin yẹn kì í tọwọ́ ilé ìwòsàn wá, àti ti àwọn méjì tó máa ń pe ẹni tí kò bá wá lórí fóònù. Oògùn wà, ṣùgbọ́n oṣù kan péré ni wọ́n fún mi. Ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì sọ fún mi pé òun ti ń lò ó lọ́jọ́ kan, òun á fo ọjọ́ kejì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo sọ ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù fún un. Ó dákẹ́, ó wo ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Tó bá wá tán ńkọ́?" Mi ò ní èsì. Ní February kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti ra páálí oògùn 150,000, ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó di àárín ọdún, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún wa. Obìnrin náà ò padà. Mo gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú yàrá náà báyìí. Kò burú, ó máa ń kíni dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ìwé ló ń kà: "Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín dáadáa?" Àyà mi já. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bi mí ní aago tí mo ń sùn." Ó wò mí. Mo sì sọ ìtàn bébà onílà méje yẹn fún un, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa lò ó fún ẹni tó tẹ̀ lé mi.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Karùn-ún kù nítorí pé títí di òní, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé. Èsì ẹ̀jẹ̀ mi tó kọjá gba ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kó tó dé, fáìlì mi sì ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ọdún 2014 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi HIV yà wá sọ́tọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀. Ìyá oní-fùfú mi ò lè kà á. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Bébà kan ni.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èrò máa ń pọ̀ jù, ẹ lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé. Tí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn, ìbáà ṣe àgbo, ẹ mú un dání lọ fi han apoògùn ní fèrèsé. Ike oògùn yín náà, ẹ mú un lọ, pẹ̀lú gbogbo hóró tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀. Ẹ má da ọ̀kan nù. Wọ́n máa kà á lójú yín, tó bá sì ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn.